Ìdí tí alájọ Ṣómólú fi ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́: Ẹ̀kọ́ ìṣọ́wóná fún oníṣòwò kékeré

Bí wọ́n bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ pé, pàápàá l'Ékòó, wọ́n á ní, 'Orí ẹ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò mẹ́ta, tó fi owó ẹ̀ ra kẹ̀kẹ́.' Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà láìmọ̀ pé èèyàn gidi ni wọ́n ń sọ. Alphaeus Táíwò Olúnáìkẹ́ lorúkọ bàbá náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọdún 1915 ni wọ́n bí i, ọdún 2012 ló sì dágbére fáyé. Iṣẹ́ àjọ gbígbà ló ṣe ní Ṣómólú àti agbègbè ibẹ̀, débi pé orúkọ iṣẹ́ bo orúkọ tí àwọn òbí ẹ̀ sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà á rẹ́rìn-ín. Ta ní í ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo irú iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe. Ilé dé ilé, ìsọ̀ dé ìsọ̀ ni alájọ ń lọ, lójoojúmọ́ ayé. Inú ọjà àti kọ̀rọ̀ àdúgbò tí mọ́tò kò lè wọ̀ ni àwọn tó ń dá àjọ wà. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo, kì í há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ó sì ń dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà. Mọ́tò ni ayé ń rí, kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ ń fẹ́.

Ohun tá a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. Ìṣọ́wóná yàtọ̀ sí ahun, kò sì sọ pé kéèyàn febi pa ara ẹ̀ àti ará ilé ẹ̀. Ohun tó jẹ́ ni pé kéèyàn tó yọ owó, kó bi ara ẹ̀ pé: ṣé òwò mi ni owó yìí máa gbé dìde, àbí ojú ayé ni mo fẹ́ fi ṣe? Lásìkò tí gbogbo nǹkan gbówó lórí yìí, ẹni tó ń bi ara ẹ̀ ní ìbéèrè yẹn ni ìsọ̀ ẹ̀ máa ṣì wà ní ṣíṣí lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ má jẹ ojú owó mọ́ èrè

Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí oníṣòwò ka owó tó pa lójúmọ́, tó rí i pé ó nípọn, inú ẹ̀ á dùn. Ó rọrùn láti gbàgbé pé owó ọjà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta ìrẹsì ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó ra àpò kan ní ₦60,000, ó ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n títí tó fi tán, ó sì pa ₦66,000. Lójú tiẹ̀, ó ti jèrè ₦6,000. Ó yọ ₦4,000 fún ọbẹ̀, ó fún ọmọ ní ₦2,000 lọ síléèwé. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà lọ́pọ̀, wọ́n ní àpò ìrẹsì ti di ₦68,000. ₦60,000 ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó kù ₦8,000 kó tó lè ra àpò kan ṣoṣo tó rà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ká tiẹ̀ ní kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú ₦66,000 tó pa, owó náà kò tó ra àpò mìíràn. Èyí tó pè ní èrè, ara ojú owó ló gé jẹ. Tó bá fi máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ìdajì àpò láá máa rà, nígbà tó bá sì yá, àwìn láá máa gbà. Bẹ́ẹ̀, olè kò jà á, kò sì sí ẹni tó gbówó ẹ̀ sá lọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé.

Kì í ṣe pé à ń dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣirò, ìyẹn NBS, kéde pé ní oṣù Kejìlá, ọdún 2024, iye owó ọjà fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bó ṣe wà ní oṣù Kejìlá, ọdún 2023 lọ. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹrù ọjà tí ẹ lè fi ₦10,000 rà nígbà yẹn ti di nǹkan bíi ₦13,480 lẹ́yìn ọdún kan. Bí wọ́n bá wá ń sọ lórí rédíò pé ìdá yẹn ti wálẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọjà ti pọ̀n wá sílẹ̀ o. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé eré tí owó ọjà ń sá gòkè ló dínkù.

Nítorí náà, kí ẹ tó ka èrè, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta ọjà náà lónìí. Iye tí ẹ máa fi ra òmíràn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sápá kan, kì í ṣe iye tí ẹ fi ra èyí tó tán. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìnáwó ìsọ̀: owó ilé ìtajà, owó iná, owó ọkọ̀ àti ti aláàárù. Èyí tó bá kù ni èrè. Bí kò bá kù nǹkan kan, ó ti hàn pé iye tí ẹ ń ta ọjà ní láti yí padà, tàbí kí ẹ dín ìnáwó kù.

Ẹ máa sanwó oṣù fún ara yín

Oníṣòwò kékeré pọ̀ tó ń sanwó fún ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí òun fúnra ẹ̀ kò ní owó oṣù. Ìgbàkígbà tó bá ti ní nǹkan tó fẹ́ rà, á na ọwọ́ sínú àpótí. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ mú iye kan pàtó tí òwò yín lè gbé, kí ẹ máa san án fún ara yín lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù. Inú ẹ̀ ni oúnjẹ ilé, aṣọ, owó iléèwé àti owó ìjọ tàbí mọ́sálásí á ti máa jáde. Tó bá tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ fara dà á. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọjà tí ará ilé ń bù náà ńkọ́? Ọmọ á mú mílíìkì kan, ọkọ á ní kí wọ́n bu kóńgò ẹ̀wà méjì wá, àbúrò á gbé ọṣẹ. Kò burú, ẹni tó bá ń ta nǹkan náà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i jẹ. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó tà á láwìn, kí ẹ sì yọ owó ẹ̀ nínú owó oṣù yín. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ á máa rò pé ọjà kò tà, tàbí kó máa fẹ̀sùn kan ọmọ ìtajà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Ìnáwó ńlá kọ́ ló sábà ń pa òwò kékeré. Owó ńlá, èèyàn á rò ó ká tó ná an. Owó tí a kò kà sí owó ló léwu. Ká ní èèyàn ń ná ₦500 lójúmọ́ sórí nǹkan tí kò pọn dandan: ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ìpápánu, ọ̀kadà fún ibi tí ẹsẹ̀ lè dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá ń ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ 26 lóṣù, ₦13,000 nìyẹn. Lọ́dún kan, ó di ₦156,000. Ẹni tí wọ́n bá ní kó kó ₦156,000 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ìpápánu á bú ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

A kò ní kí ẹ má mu omi. Bí ẹ bá ń ra píọ̀ wọ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ra odidi àpò kan sí ìsọ̀, owó orí ẹyọ kan á dínkù. Ẹ gbé oúnjẹ àná sínú fúláàsì wá láti ilé. Ẹ̀yin mẹ́ta tẹ́ ẹ ń ta irú ọjà kan náà lè jọ ra páálí kan, kí ẹ sì jọ san owó ọkọ̀ kan ṣoṣo tó máa gbé ẹrù láti Bódìjà tàbí Máìlì 12. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ríra lọ́pọ̀ o. Ọjà tó ń tà kíákíá, tí kì í sì í tètè bàjẹ́, nìkan ló yẹ kí ẹ ra lọ́pọ̀. Èyí tó máa dúró sórí pẹpẹ títí déètì ẹ̀ fi máa kọjá, kò sí ẹ̀dínwó kankan nínú ẹ̀.

Iná mànàmáná àti epo jẹnẹrétọ̀

Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ni jálá epo tí kò tó ₦200 ti fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, tó sì tún ń gòkè lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2024, àjọ NERC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná gbé owó iná àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló ń tan jẹnẹrétọ̀ bí wọ́n ṣe ń tàn án nígbà tí epo ṣì pọ̀n. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ti máa tan án, torí pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti tan tiẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ̀rọ yín ń mu. Ẹ rọ epo kún inú ẹ̀, ẹ kọ aago tí ẹ tàn án sílẹ̀, ẹ wo ìgbà tó máa tán. Ẹ wá bi ara yín léèrè pé wákàtí wo gan-an ni iná náà ń mówó wọlé. Onífótókọ́pì kò lè ṣe é láìsí iná, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń gẹrun. Aránṣọ lè gé aṣọ ní ojúmọmọ, kó kó èyí tó fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ jọ sí wákàtí kan ṣoṣo.

Gílóòbù náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná, tó jẹ́ 60 wáàtì, bí ẹ bá tàn án fún wákàtí 10 lójúmọ́, á jẹ yúnìtì 18 ní ọgbọ̀n ọjọ́. LED tó jẹ́ 9 wáàtì, tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiẹ̀, kò ní jẹ ju yúnìtì 2.7 lọ. Ká ní yúnìtì kan jẹ́ ₦200, ₦3,600 àti ₦540 nìyẹn, lórí gílóòbù ẹyọ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo fíríjì, ẹ yẹ rọ́bà tó wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn ẹ̀ wò. Bó bá ti fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tútù ń yọ́ jáde, òru àti ọ̀sán lowó yín ń bá a lọ.

Owó tí báńkì ń gé

Láti ìgbà tí owó bébà ti ṣọ̀wọ́n níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń fi owó ránṣẹ́ sórí àkáǹtì. Èyí dára, àmọ́ owó tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní, ọdún 2020, fàyè gba báńkì láti gé ₦10 lórí owó tí kò ju ₦5,000 lọ téèyàn bá fi ránṣẹ́ sí báńkì mìíràn, ₦25 lórí èyí tó wà láàárín ₦5,001 sí ₦50,000, àti ₦50 lórí èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó òǹtẹ̀ ìjọba tó jẹ́ ₦50 tún wà lórí owó tó bá ti tó ₦10,000. Ọwọ́ ẹni tó gba owó ni wọ́n ti ń gé e tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù Kìíní, ọdún 2026, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án.

Bí ẹ bá fẹ́ san ₦30,000 fún ẹni tó ń kó ọjà fún yín, tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ₦10,000 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lórí òdiwọ̀n yìí, ẹ máa san ₦225. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ₦75 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó gbígbà lẹ́nu ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta, ọdún 2025, ẹni tó bá gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì tí kì í ṣe tiẹ̀ ń san ₦100 lórí ₦20,000, bí ẹ̀rọ náà bá wà lọ́gbà báńkì. Bó bá jẹ́ èyí tó wà níta, wọ́n lè fi tó ₦500 mìíràn kún un. Ẹ̀rọ báńkì tiyín kì í gba nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ kó ìsanwó yín jọ, ẹ sì ṣètò ìgbà tẹ́ ẹ máa gbowó, kó má di pé POS ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ lẹ ń sáré lọ nígbà mẹ́ta lójúmọ́.

Ọ̀rọ̀ òde àti aṣọ ẹbí

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Kò sí bí ọmọ Yorùbá ṣe lè ní òun kò ní lọ sóde. Ẹni tí kò bá báni ṣe, wọn kò ní bá a ṣe, àwọn tó sì ń ra ọjà lọ́wọ́ yín lè jẹ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ ń pàdé lóde. Ṣùgbọ́n lílọ sóde yàtọ̀ sí ríra gbogbo aṣọ ẹbí. Ẹ lè fi owó díẹ̀ ta olóde lọ́rẹ, kí ẹ wọ aṣọ tó mọ́ tẹ́ ẹ ti ní nílé, kí ẹ sì tètè dé láti bá wọn gbé àga. Olóde kò ní gbàgbé yín.

Ẹ dá owó òde sílẹ̀ lọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, iye tó bá jẹ́. Tó bá ti tán, ẹ ti mọ èsì tẹ́ ẹ máa fọ̀. Èyí tí kò dára rárá ni kéèyàn fi ojú owó ra léèsì, kó wá lọ yá owó èlé fi ra ọjà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ fún wa: ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n. Ẹlẹ́wà ni wọ́n bá wí, ẹni tó ń tajà bíi tiwa.

Ibi tí kò yẹ kí ẹ ti ṣọ́wó ná

Ìṣọ́wóná tí kò ní làákàyè máa ń pa òwò bíi ti ìnákúnàá. Ká ní agboòrùn ńlá tí wọ́n fi ń bo àtẹ wà méjì, ọ̀kan ₦6,000 tí kì í ju oṣù mẹ́rin lọ kó tó ya, èkejì ₦15,000 tó máa lo ọdún méjì. Ẹni tó ń ra ti ₦6,000 á rà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọdún méjì náà. ₦36,000 ló ná, òjò tún pa ọjà ẹ̀.

Bákan náà ni alákàrà tó ń lo epo kan náà títí tó fi dúdú, tí àkàrà ń rùn, tí oníbàárà sì ń yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ tó ra òwú tí kò lágbára, tí aṣọ já lọ́rùn oníṣẹ́ lóde ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ lẹni tí kò pààrọ̀ ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ lásìkò, tí ẹ́ńjìnì wá kú pátápátá. Bẹ́ẹ̀ sì lẹni tó ń jẹ owó ọmọ ìtajà, tí ìyẹn náà wá ń fọwọ́ ara ẹ̀ san owó fún ara ẹ̀. Ohun èlò iṣẹ́, òótọ́ òṣùwọ̀n, owó òṣìṣẹ́ àti ìlera ara yín, ẹ má ṣe gé ibẹ̀.

Ibi tí owó tẹ́ ẹ ṣọ́ máa lọ

Owó téèyàn kò ná tó wá wà lápò, kò tíì ní ibùgbé. Ìdí nìyí tí àjọ fi wúlò. Bí ẹ bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún alájọ, ní ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ máa gba ₦29,000, torí pé owó ọjọ́ kan ni tiẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí òun máa sanwó fún ẹni tó ń bá òun tọ́jú owó òun. Ó dáa, ṣùgbọ́n bí ₦30,000 kò bá lè sùn lọ́wọ́ yín mọ́jú, ₦1,000 yẹn kò wọ́n. Èsúsú ẹgbẹ́ kì í gé nǹkan. Èèyàn mẹ́wàá tó ń dá ₦20,000 lóṣù, ₦200,000 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá yí kàn án.

Ẹ mú ìgbà tí ọjà yín máa ń pọ̀n láti kó o. Ẹni tó ń ta epo pupa mọ̀ pé láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni epo máa ń pọ̀ lọ́jà. Tó bá kó èsúsú ẹ̀ nígbà náà, tó fi ra epo pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ti jèrè kí ó tó tà á. Àmọ́ ẹ mọ ẹni tí ẹ ń dá owó fún. Ẹni tí ẹ mọ ilé ẹ̀, tí àwọn tó ti ń bá a dá a tipẹ́ jẹ́rìí sí, tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ìjọba mọ̀ sí, ni kí ẹ bá ṣe.

Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Ẹ ra ìwé kékeré kan lónìí. Fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, ẹ máa kọ gbogbo owó tó bá jáde sínú ẹ̀, títí kan ₦50. Ẹ má tíì dín nǹkan kan kù ná. Nígbà tí oṣù bá parí, ẹ jókòó tì í, ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ nǹkan méjì tẹ́ ẹ lè fi sílẹ̀ tí òwò kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ìwé yẹn tún máa wúlò lọ́nà mìíràn. Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní, ọdún 2026 kò gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san orí lé lórí lọ́dún. Bí wọ́n bá bi yín ní iye tó ń wọlé fún yín, kí lẹ máa fi hàn wọ́n bí kò bá sí àkọsílẹ̀?

Oníkálukú ló mọ mọ́tò tó ń gùn. Ó lè jẹ́ fóònù olówó ńlá, ó lè jẹ́ ìsọ̀ kejì tí kò tíì tó àsìkò, ó lè jẹ́ léèsì. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló yẹ ní títà. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè wọ kọ̀rọ̀ tí owó yín wà, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ kú ọjà o, ajé á wọlé.